Ohun Tí Mo Ń Ha Kúrò Lára Ògiri

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ọyẹ́ ń fẹ́ láti apá Òkè-Bàálẹ̀,
mo gbé korobá omi, mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ,
mo kọjú sí ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì.
Iṣẹ́ tí ọ̀gá àgbà yàn fún mi nìyí:
kí ilẹ̀ má mọ́ bá ìwé kankan níbẹ̀.

Sítáàṣì gbígbóná ni àwọn ọmọ náà fi lẹ̀ ẹ́.
Ewúrẹ́ àdúgbò ti lá igun kan,
ó jẹ "ẹgbẹ́," ó jẹ "akẹ́kọ̀ọ́,"
ó ṣẹ́ "omi" kù fún mi.

Omi ni wọ́n ń bèèrè.
Ẹ̀rọ omi ilé ìbùsùn obìnrin ti dákẹ́ láti oṣù Ọ̀wàrà,
wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀
ní ìlú aró, níbi tí omi ti jẹ́ ìyá gbogbo wa.

Àṣẹ wà lẹ́nu géètì nínú dígí, òǹtẹ̀ wà nídìí rẹ̀:
A kò fẹ́ òṣèlú nínú ọgbà yìí.
Ẹni tó bá pe ìpàdé, tó bá lẹ ìwé, tó bá dé fìlà ẹgbẹ́,
yóò lọ sílé fún sáà méjì.

N kò ní purọ́. Mo mọ ohun tó bí òfin náà.
Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ ìbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́,
bọ́ọ̀sì méjì wọlé, àwọn inú rẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.
Ẹnì kan tó ń wá ipò ló ra epo fún wọn.
Èmi ni mo ṣí géètì. Wọ́n ní àlejò ni.
Ojú òsì Ọ̀ṣúngbèmí kò ríran mọ́ láti ọjọ́ náà.
Fìlà mi ni mo fi dí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
N kò tíì fọ fìlà yẹn.
Bí ọ̀gá àgbà bá ní kó parí síbẹ̀,
apá kan nínú mi á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá,
wọ́n ní kí n gbá gbọ̀ngàn, kí n to igba àga.
Olùdíje kan ń bọ̀ wá kí àwọn ọ̀dọ́.
Jíìpù mọ́kànlá. Mo kà wọ́n.
Ó dé fìlà tí wọ́n ya àmì ẹgbẹ́ sí níwájú orí,
ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló di máíìkì mú fún un.
Kò sí ẹni tó ní kó lọ sílé fún sáà méjì.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, Sídíkátù, ará Ìlobùú.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe?"
Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.
Ọ̀gá àgbà ní, "Ìyẹn ti di òṣèlú."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, èmi tí mo fi ìwé mẹ́fà sílẹ̀.
Ọmọ tó ní káàdì ìdìbò lápò,
lọ́jọ́ Sátidé a ó ní kó lọ tò sórí ìlà,
tó bá di Mọ́ńdè, a ó ní ọmọdé ni, kó panu mọ́.
Àbí inú ọgbà nìkan ni òùngbẹ kì í ti í gbẹ aráàlú?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fún Sídíkátù ní ìwé tirẹ̀.
Mo bá a gbé àpótí dé ibi tí ọ̀kadà wà.
Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."
Mo ti gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" láti ogún ọdún,
kò gún mi rí.

Ilẹ̀ ń mọ́. Ìwé ti já, sítáàṣì ò já,
ó funfun lára ògiri bí ojú fèrèsé.
Omi tí mo fi ń pa "omi" rẹ́ yìí,
táǹkì ilé ọ̀gá àgbà ni mo ti pọn ọ́n.
Korobá kan ò tó.
Mo tún ń lọ pọn.