Ìwọ̀n Ẹni Tí N Kò Tíì Rí

Ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ ní Òkè-Bálẹ̀,
mo mọ èjìká gbogbo àdúgbò.
Mo mọ ẹni tó sanra lẹ́yìn àwẹ̀,
mo mọ ẹni tí àìsàn ti sọ ṣòkòtò rẹ̀ di àpò.
Ṣùgbọ́n ìwọ, n kò rí ibi tí n ó gbé tépù lé.

Oṣù àkọ́kọ́, a ò mọ̀ pé o ti dé.
O kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
o ń wá ibi tí o máa rọ̀ mọ́,
Ràfátù sì ń bínú sí òórùn aró
tó ń ti ẹ̀yìnkùlé àwọn aláró fẹ́ wá,
òórùn tí òun fúnra rẹ̀ bá dàgbà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà,
o ò ju ẹyọ erèé kan lọ,
erèé náà sì ti ń mì kì-kì-kì:
ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ojú tó wà,
kí ẹnu tó wà tí yóò bèèrè owó iṣẹ́.

Ta ló ń gé ọ? Ta ló ń rán ọ?
Èmi, bí NẸ́PÀ bá ti múná lọ, mo ti kó iṣẹ́ nílẹ̀.
Ẹni yìí ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn birimùbirimù,
kò fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà.
Ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ dà bí àjẹ̀ ọkọ̀,
awọ so ìka pọ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ;
ó wá tú wọn, ìka kan, ìka kan,
ó fín ilà wẹ́wẹ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan,
irú èyí tí wọn kò tíì fín fún ẹlòmíràn.

Oṣù kẹta ni èyí tó ṣáájú rẹ padà.
A kì í sọ ọ́. Mo kàn sọ ọ́ ni.
Nígbà tí oṣù náà kọjá lórí rẹ,
ìyá Ràfátù gbọn etí ìró rẹ̀, ó jókòó,
ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ,"
kò sì sọ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibi là ń pè é, ohun tí o fẹ̀yìn tì yẹn.
Ibi, kò sì ṣe ibi kankan sí ọ.
Ibẹ̀ ni èkuru tí ìyá rẹ jẹ lálẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ,
ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí rẹ ń gbà jáde.

Ọjọ́ Jímọ́ kan, mo ń gán bọ́tìnnì,
Ràfátù ké láti yàrá: ọlẹ̀ sọ!
Ó ní ó dà bí ẹja kékeré
tó fi ìrù gbá ìdí garawa.
Mo sáré dé, mo gbé ọwọ́ lé e,
o dákẹ́.
O ti ń ṣe bí ọmọ mi.

Ní Asúbíaró, tépù Nọ́ọ̀sì Ọláìtán já.
Ó wo ọrùn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó gba tèmi.
Ó wọ̀n ọ́ láti egungun abẹ́ ikùn dé òkè ilé ọmọ:
méjìdínlọ́gbọ̀n.
"Oyún yìí ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó?"
Méjìdínlọ́gbọ̀n.
Gbogbo ọdún tí tépù yìí ti wà lọ́rùn mi,
n kò mọ̀ pé ó lè ka ọjọ́.
Nọ́ọ̀sì ní ojú rẹ ti ń là nínú omi,
pé o ń gbọ́ wa, pé o ń ṣe òsúkè,
pé o ń kọ́ èémí níbi tí kò sí atẹ́gùn,
bí ọmọṣẹ́ tó ń tẹ ẹ̀rọ tí kò sí òwú nínú rẹ̀.
Láti ọjọ́ náà, jẹ́jẹ́ ni mo ń tẹ tèmi lálẹ́.

Ní báyìí o ti dorí kodò,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ń kún, ààyè ti há mọ́ ọ,
ìgbọ̀nwọ́ rẹ ń rìn lábẹ́ aṣọ ìyá rẹ
bí ẹni tó ń wá ojú bọ́tìnnì.
Àna mi ní a kì í ránṣọ de ọmọ inú.
Mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n àjákù kan wà nínú àpótí ẹ̀rọ mi,
àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lára búbá ìyá rẹ.
Mo ti gé e, n kò tíì pa etí rẹ̀ pọ̀,
apá rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀.
Ìgbà tí o bá dé, tí o ké, tí mo gbọ́,
n ó mọ ibi tí n ó ti já òwú.