Méjì Ni Wọ́n

Afọ́jú ni wọ́n bí Ìbídùnní, àbúrò mi.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ọwọ́ wo ayé.
Ní Ìṣàn-Èkìtì, lẹ́yìn ilé, níbi tí Yèyé ti ń mọ ìkòkò,
òun níí fi èékánná kan ìkòkò gbígbẹ létí kí wọ́n tó sun ún,
táá ní: "Èyí ti sán nínú. Ẹ rẹ ẹ́ padà sómi."
Kì í ṣì í.

Èmi? Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ní Ọ̀yẹ́.
Mo máa ń fi ẹfun fa ìlà tí kò ní ìbú sára pátákó.
Irọ́ ni. Kò sí ìlà ẹfun tí kò ní ìbú.
Síbẹ̀ àwọn ọmọ gbà,
nítorí ìlà tí mò ń wí kò sí lára pátákó.
Ibo ló wá wà? Ẹ má bi mí.
Owó oṣù mi ò tó ìbéèrè yẹn.

Dókítà kan ní Adó ló ní ojú náà ṣeé là.
Ó ká awọ funfun kúrò, ó fi báńdéèjì dì í.
Lọ́jọ́ tí wọn yóò tú u,
mo gbé ìkòkò kékeré kan láti ilé,
mo gbé àpótí tí Yèyé ń jókòó lé mọ amọ̀,
mo tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé.
Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbèrò rẹ̀.
Kí Ọlọ́run dárí jì mí:
mo fẹ́ mọ̀.

Wọ́n tú báńdéèjì. Omi ń dà lójú rẹ̀.
"Má fọwọ́ kàn wọ́n o. Èwo ni ìkòkò?"

Ó wò. Ó wò títí nọ́ọ̀sì fi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Orí rẹ̀ ń yí bí orí adìẹ tó fura sí àwòdì.
Ìkòkò tó ti kàn létí lẹ́gbẹ̀rún ìgbà,
àpótí tó ti fi ojúgun kọ láti kékeré,
wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ bí àlejò tí kò dárúkọ.
"Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ̀ wọ́n."
Ó dákẹ́.
"Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n."

Méjì!
Ojú tí kò tíì lo wákàtí kan láyé,
ta ló kọ́ ọ ní méjì?
Ọwọ́ ò tíì sọ fún un pé róbótó rè é, igun rè é.
Kí ló wá gbé méjì gba inú òkùnkùn kọjá,
láti ọwọ́ dé ojú,
tí kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Inú mi dùn. Ó kù díẹ̀ kí n pariwo pé mo jàre,
pé ìmọ̀ kan ń bẹ nínú wa kí ilẹ̀ tó mọ́.
Yèyé ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.
"Ṣé o ti gbàgbé ni? Ọmú méjì ló mu.
Etí méjèèjì ni mo fà nígbà tó jí ẹran nínú ọbẹ̀."
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.
Èmi ò rí i rín.

Ìbídùnní di ojú, ó nawọ́,
ìka rẹ̀ ò tíì balẹ̀ dáadáa létí ìkòkò tó fi kígbe:
"Háà! Ìwọ náà nìyí!"
Ó la ojú, ó dì í, ó tún là á,
bí ẹni tó ń rán aṣọ méjì pọ̀,
tí okùn ń já.

Lọ́nà ilé, a kọjá Ìfàkì, àwọn òkè yọ.
Ó fa orí sẹ́yìn lójijì. Ó rò pé wọ́n ti kan òun nípèénpéjú.
"Má bẹ̀rù," mo ní, "wọ́n jìnnà."
"Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà tó?"
"Ó tó máìlì mẹ́ta."
"O ti rìn ín rí?"

N ò rìn ín rí.
Mo yí jíà.