Àtàńpàkò Ìbọ̀wọ́

Ọkọ̀ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá
ló so okùn mọ́ èbúté Vágur, ní erékùṣù Faroe.
Kíláàsì kan ṣoṣo ni mo kọ fún gbogbo wọn.
Mo ní: Ọkọ̀.
Mo to àbùdá rẹ̀: orúkọ, gígùn, ọdún tí wọ́n kàn án,
agbára ẹ́ńjìnnì, iye èrò, iye ìgbòkun,
iye ẹja tí ikùn rẹ̀ lè gbà.
Mo tẹ bọ́tìnnì, mo lọ po kọfí.

Kọfí ò tíì tutù tí Tróndur fi dé,
alábòójútó èbúté, òjò ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀.
"Rannvá, ẹ̀rọ yín ń bèèrè ẹ́ńjìnnì
lọ́wọ́ ọkọ̀ ìgbòkun Hanus.
Atẹ́gùn ló ń gbé e láti ayé bàbá rẹ̀.
Kí ni kó kọ síbẹ̀? Òdo?
Ẹni tí àpò rẹ̀ ṣófo
àti ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ ò lápò,
ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

Mi ò fèsì.
Mo wo tábìlì mi: àlàfo lókè, àlàfo nísàlẹ̀,
bí ẹnu arúgbó tí eyín ti kó lọ.
Ogójì ibi ni mo ti kọ "bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹja,"
ogójì ibi, "bí kò bá jẹ́."
Ọjọ́ tí irú tuntun bá wọ èbúté,
ogójì ibi ni màá ti máa wá ara mi kiri.

Lálẹ́, ìyá mi àgbà, Sunnvør, ń hun ìbọ̀wọ́
lẹ́bàá fèrèsé, òwú irun àgùntàn aláwọ̀ eérú.
Ó dé ibi àtàńpàkò.
Ó ka ojú mẹ́sàn-án, ó kó wọn sórí òwú pupa kékeré kan,
ó fi wọ́n sílẹ̀, ó kọjá.
Mo ní, "Ihò nìyẹn."
Ó ní, "Àyè ni. Mo mọ̀ pé àtàńpàkò ń bọ̀,
mi ò tíì mọ bó ṣe gùn tó.
Ọwọ́ tó máa wọ̀ ọ́ ni yóò sọ."

Òru yẹn ni mo tú u.
Mo bọ́ Ọkọ̀ títí ó fi ku orúkọ, gígùn, ọdún,
ohun tí ọkọ̀ kankan ò lè sọ pé òun ò ní.
Lábẹ́ wọn, mo kọ owó èbúté,
mi ò ṣírò rẹ̀; mo so òwú pupa mọ́ ọn:
ọmọ ni yóò ṣe é bó ṣe yẹ ẹ́.
Ọkọ̀-Ẹja jogún, ó gbé ikùn rẹ̀ dání.
Ọkọ̀-Èrò jogún, ó ka àga.
Ọkọ̀-Ìgbòkun jogún, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ẹ́ńjìnnì mọ́.
Mo súfèé títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni Marjun wọlé.
Ọkọ lọ, ọkọ̀ kù.
Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ̀ náà fi kó ẹja,
báyìí, orí koríko ló wà,
adìyẹ mẹ́fà ń sùn nínú ikùn rẹ̀.
"Irú wo ni ẹ kọ ọ́ sí?"
Mo ní Ọkọ̀-Ẹja. Bí a ṣe bí i nìyẹn,
ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ọmọ pààrọ̀ ìdílé.
Ó wò mí. Ó ní,
"Èmi náà, ìyàwó ni wọ́n kọ mí sí."

Mo jókòó.
Mo pa orúkọ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́,
ìdílé tí mo fi òru kan kọ́.
Inú Ọkọ̀, mo fi Iṣẹ́ sí,
ohun tó ṣeé bọ́ sílẹ̀, tó ṣeé gbé wọ̀,
kí ọkọ̀ má baà kú kó tó yí padà.

Tróndur tẹ̀ síwájú, ó kà á lójú ẹ̀rọ:
"Iṣẹ́: ilé adìyẹ."
Ó rẹ́rìn-ín. "Owó èbúté rẹ̀ ńkọ́?"
Marjun ti ń wá nǹkan nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Mo ní, ẹ má kánjú,
òwú pupa ṣì wà níbẹ̀.