Bó O Ṣe Máa Ń Pè É

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
atẹ́gùn kì í fẹ́, ṣe ló ń tini.
Wọ́n ta okùn sójú pópó káwọn èèyàn lè dì í mú
lọ́jọ́ tó bá bínú.
Lóru ọjọ́ kan ó ká páànù ilé Eleuterio Mansilla,
ó já ilẹ̀kùn àgbàlá.
Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, àwo omi ti dojú dé,
ajá ò sí.

Yasna Barría ń ya ápù lórí tábìlì ìdáná lásìkò yẹn,
ápù tí yóò máa mú ẹran ọ̀sìn tó sọnù padà sílé.
Pẹ́ńsù, pépà, tíì tó ti tutù.
Ó ya àpótí fún fọ́tò, àpótí fún irú ajá,
àpótí fún ọjọ́ orí,
àwòrán ìlú tí àmì pupa ń tàn lára rẹ̀ bí ẹyin iná.
Èmi tí mò ń kọ kóòdù rẹ̀ ní ó rẹwà.
Ó rẹwà lóòótọ́.

Ó gbé e tọ bàbá náà lọ kó dán an wò.
Bàbá na ìka, ìka ń gbọ̀n,
ó fẹ́ tẹ “Ajá mi sọnù,” ó tẹ “Mo rí ajá kan.”
Ẹ̀ẹ̀mẹta.
Lẹ́ẹ̀kẹrin ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀.
“Irú ajá wo ni, Don Eleuterio?”
“Irú tèmi.”
“Fọ́tò rẹ̀ ńkọ́?”
“Ta ní í ya fọ́tò ẹni tó ń rí lójoojúmọ́?”
Calafate lorúkọ rẹ̀, ó ní,
èso dúdú inú igbó ẹlẹ́gùn-ún yẹn,
tí wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́, ibi yòówù kó lọ, á padà wá.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú.
“Báwo lẹ ṣe máa ń pè é?”
Bàbá ò fọhùn. Ó fi ìka méjì sí ètè,
ó súfèé: ohùn méjì gòkè, ọ̀kan já wálẹ̀,
ọmọrí ìkòkò gbọ̀n lórí sítóòfù.

Lóru ọjọ́ náà Yasna fi írésà pa irú ajá rẹ́,
ó pa ọjọ́ orí rẹ́,
ó ya nǹkan rìbìtì kan sáàárín, ó tóbi bí ọsàn,
ó kọ sábẹ́ rẹ̀: Pè é bó o ṣe máa ń pè é.
Mo ní, “Yasna, níbi tí mo ti wá,
wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”
Ó ní, “Bóyá fèrè ọdẹ ni kò dé ibi tó wà.”
Mi ò rí èsì fọ̀. Mo kọ kóòdù náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Millaray, ọmọbìnrin tó ń to akàn sínú yìnyín létí èbúté,
rí òjìji kan lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ti jẹrà.
Ó na búrẹ́dì sí i, òjìji kùn.
Ó pè é ní Lobo, ó pè é ní Pirata.
Ó wá yọ fóònù, ó ń tẹ ohùn àwọn àjèjì lọ́kọ̀ọ̀kan:
ìyá kan tó ń kọrin,
ọmọdé tó ń ké,
ẹnì kan tó kàn ń mi ọ̀rá bísíkíìtì.
Ìkarùn-ún: méjì gòkè, ọ̀kan já wálẹ̀.
Atẹ́gùn fẹ́ já a gbà lẹ́nu fóònù.
Etí kan dìde.

Ó fà jáde, egungun àti ẹrẹ̀,
ó wo ẹ̀yìn fóònù bóyá bàbá wà níbẹ̀,
kò sí,
ó lá ojú rẹ̀, ahọ́n gbígbòòrò kan lórí gíláàsì,
ahọ́n sì tẹ bọ́tìnnì: A ti rí i.

Níwájú wa, àmì pupa kan di ewé.
Millaray kọ̀wé kíákíá: “Ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́.”
Yasna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ ya ààbò sára bọ́tìnnì náà
kí ahọ́n má baà tún tẹ̀ ẹ́.
Pẹ́ńsù dúró lókè díẹ̀.
Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.