Ibi Tí A Ó Kọ Owó Ọkọ̀ Sí

Ẹsẹ̀ Murdina jinná. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, a kọ ọ́ sílẹ̀.
Báńdéèjì tuntun borí ti àtijọ́,
a pàtẹ́wọ́ nínú yàrá kan ní Inverness,
òjò ń fọ fèrèsé, tíì wa ń tutù.

Àfi ìgbà tí akápò ọsibítù la ẹnu:
"Èló lẹ ra ìjinná yìí?"
A ń wo ara wa lójú
bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù sẹ́nu ọ̀nà.

Mo pe erékùṣù lórí fóònù.
"Murdina, ní èṣí, ìgbà mélòó lo wọ ọkọ̀ ojú omi wá?
Ta ló bá ọ rẹ́ irun àgùntàn?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi,
èmi tí n kò rántí ohun tí mo jẹ lánàá!"

Iseabail ti sọ.
Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, tí ìwádìí ṣì jẹ́ ìlà pẹ́ńsù lórí bébà,
ó ní, "Níbo ni a ó kọ owó ọkọ̀ sí?"
Èmi ni mo dá a lóhùn. Èmi gan-an.
Mo ní ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ná,
owó á sọ̀rọ̀ tó bá yá.
Owó kì í dúró de ẹni tí kò pè é.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
àwa sọmọ lórúkọ tán, a wá ń wálé kiri.

Ìwádìí mìíràn rèé. Egbò kan náà, erékùṣù mẹ́rin.
Kí a tó ṣẹ́ kèké ẹni tí yóò gba èwo,
Iseabail ti fa ìlà tirẹ̀ sínú ìwé:
wákàtí nọ́ọ̀sì, ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣòfò,
oorun, ìrora,
bóyá ènìyàn lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀.
Dókítà Torquil ń kùn pé fọ́ọ̀mù ti gùn jù.
Ó gùn lóòótọ́.

Lánàá ni ìwé Murdina dé (ẹsẹ̀ kejì ló kàn báyìí),
omi iyọ̀ ti mú etí rẹ̀ ká sókè:
"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìjì. Ọkọ̀ ò rìn.
Mo sùn sí Ullapool, pọ́n-ùn méjìdínlọ́gọ́ta.
Aládùúgbò bá mi bọ́ àgùntàn, mo fún un ní ọtí ìgò kan.
Ajá mi kò fẹnu kan oúnjẹ títí mo fi dé.
Ibo ni kí n kọ ìyẹn sí?"

Iseabail wá pẹ́ńsù rẹ̀.