Ìdá Kan nínú Mílíọ̀nù

Èmi ò lọ sí yunifásítì. Ata ni mò ń lọ̀
ní Apákẹ̀, lẹ́bàá títì, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi kọ́bọ̀ ra tòmátì.
Ṣùgbọ́n Mọyọ̀sóore, ayálégbé mi tó ń kọ́ fíṣíìsì,
tó jẹ mí lówó ilé oṣù méjì,
ló wá jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ,
ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n fi ẹ̀kọ́ san díẹ̀ nínú gbèsè mi."

Ó ní ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Ìlọrin,
bó bá ju máńgòrò sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà ni yóò bọ́ sí.
Lójú tirẹ̀, máńgòrò gòkè, ó sọ̀, ó parí.
Lójú ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńkọ́?
Máńgòrò yẹn ti rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí igi kajú.
"Ta ló purọ́ nínú wọn?"
Mo ní kò sẹ́ni tó purọ́. Ibi tí kálukú dúró sí ló ń sọ̀rọ̀.
Ó pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó ti tán.

Kò tán. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri.
Ó ní èyí ò dà bíi máńgòrò, ìmọ́lẹ̀ ò ṣe é tì.
Ìbáà jẹ́ orí ọkọ̀ tó ń sáré lo ti tàn án,
ìbáà jẹ́ orí àpótí,
eré kan náà ni yóò sá lójú gbogbo ènìyàn.
Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì kọ̀ tí kò yẹ̀, nǹkan mìíràn ní láti yẹ̀ fún un.
"Kí ló wá yẹ̀?"
"Àkókò ni, Màmá."

Mo ní mo ti mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi,
wákàtí kan lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.
Ó mirí. "Ọkàn yín nìyẹn. Aago gan-an ni mò ń wí.
Bí ìbejì méjì bá wà, tí ọ̀kan wọ ọkọ̀
tí eré rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, tó lọ, tó bọ̀,
yóò bá èkejì rẹ̀ tó ti hewú, irun tirẹ̀ á ṣì dúdú."

Ìbejì!
Mo gbé igbá ata sílẹ̀.
Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, ọmọ yìí ò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni mí.
Mo ní, tún un sọ. Ta ni àbúrò?
"Èyí tó rìnrìn àjò ni."
Ẹ wá gbọ́ o! Kí ni wọ́n ti ń sọ nílé wa?
Táyé ló kọ́kọ́ jáde, a rán an kó lọ tọ́ ayé wò;
òun ló rìn, òun ni àbúrò.
Èmi tí mo dúró lẹ́yìn tí mò ń retí ìròyìn, èmi lẹ̀gbọ́n.

Mo ní, ó yá, ṣírò tèmi.
Ogójì ọdún ni Táyé mi fi wa tírélà,
Jẹ́bà, Mókwà, títí dé Kánò,
iṣu lọ, àlùbọ́sà bọ̀,
èmi ò kúrò nídìí ẹ̀rọ.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó pẹ́.
"Màmá, wọ́n jèrè díẹ̀.
Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan.
Ẹ mú ẹyọ kan."

Ẹyọ kan.
Táyà tó bẹ́ nínú igbó lóru, ìsọmọlórúkọ mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀,
ẹyọ kan.
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

N ò sọ pé ó yé mi tán. Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ṣoríkunkun tó bẹ́ẹ̀,
ọmọ náà fúnra rẹ̀ ò rí i sọ.
Mo fi owó oṣù kan jìn ín. Ó ku ẹyọ kan.
Ṣùgbọ́n bí Táyé bá dé ní Sátidé,
tó ti ojú fèrèsé ọkọ̀ kígbe "Kẹ́hìndé!" bó ṣe máa ń ṣe,
n ó bu omi fún un, n ó wo orí rẹ̀ tó ti pá,
n ó ní: rọra, àbúrò mi, wọ́n ti wọ̀n ọ́n.
Bá mi fi "ẹ" sí i.