A Gbé Ẹnu Odò Wá sí Àbújá

Aago méje àárọ̀ la ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Ilé Aṣòfin,
èmi, Bukar Gremah apẹja, àti Yagana ìyàwó rẹ̀,
pẹ̀lú ìgò omi kan tí a fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun.
Ẹ̀ṣọ́ ní ká ṣí i. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fajú ro.
"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"
Bukar fi Haúsá dá a lóhùn: "Ẹlẹ́rìí wa ni."

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi. Ojú irin ló gbé e dé Nguru,
níbi tí reluwé ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ tí kì í lọ mọ́.
Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀
pé odò náà ní ìdíkọ̀ tirẹ̀:
á rìn wá láti ìhà Kánò, á tú ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu adágún,
ẹrẹ̀ dúdú, àrọ̀, ẹ̀pìyà,
àti ẹyẹ òkèèrè tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀.
Bí òjò bá pọ̀, omi á wọlé wa láìkanlẹ̀kùn,
á gbé bàtà bàbá mi lọ,
ìyá mi á máa rẹ́rìn-ín pé àlejò olówó dé.

Wọ́n wá sé odò lókè.
Mi ò ní kí wọ́n má sé e; òùngbẹ ń gbẹ ìlú ńlá náà.
Ṣùgbọ́n omi tí kò sáré mọ́ ti di ọ̀lẹ.
Koríko kachalla bá ọ̀lẹ ní ìdùbúlẹ̀, ó gùn ún.
Ó ga ju Bukar lọ, ó ga ju Bukar tó dúró nínú ọkọ̀,
ó di ẹnu odò pinpin
bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ di ẹnu ẹni tí wọ́n jí gbé.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun yóò gbẹ.
Odò yìí ò gbàgbé orísun.
Ẹnu ni kò ní mọ́,
wọn ò sì pa òwe kankan sílẹ̀ fún ẹnu.

Nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ amúlétutù ń mí.
Nínú ọlọ́lá mọ́kànlá, mẹ́ta ló jókòó.
Ọ̀kan ń tẹ fóònù. Ọ̀kan béèrè bóyá Jigawa ni Nguru wà.
"Yobe ni, sà."
Kíkà àkọ́kọ́ àbá òfin náà,
ọdún tí Yagana bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni.
Nígbà kíkà kejì, ọmọ náà ti lè ka ewúrẹ́ bàbá rẹ̀.
Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà,
wọn ò kà wá sí.

Alága ní, "Ìṣẹ́jú méjì."
Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ. Mo ká a sí méjì, mo sọ tinú mi:
Ọlọ́lá, òfin tí kò lówó nínú, òfo ni.
Owó tí kò lófin lórí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín.
A ò tọrọ ẹja.
Owó àdá, owó iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gé koríko,
ẹ̀rọ kan tí yóò kó yanrìn,
àti ọjọ́ kan lọ́dọọdún tí wọn yóò ṣílẹ̀kùn ìsédò kí omi lè sáré.
Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé bí ẹ ṣe ń kọ ọjọ́ ìdìbò.

Ẹnikẹ́ni ò pe Yagana. Ó dìde,
ó da omi inú ìgò sínú ife tó wà níwájú alága.
Ó pọ́n bí ìpẹ́pẹ́ irin. Kò sí nǹkan kan tó ń mira nínú rẹ̀.
Ẹni tó ń tẹ fóònù gbé e kalẹ̀.
Alága wo ife náà pẹ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀,
bóyá iye owó ni, bóyá orúkọ wa,
bóyá ó kàn ń dán bírò wò.

Ní gáréèjì lálẹ́, mo fẹ́ ju ìgò náà nù.
Bukar gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ẹ̀wù nù ún,
ó dé e, ó fi há abíyá.
"Kíkà kẹta," ó ní, "a ó tún bu òmíì wá."